Sísẹ́ Ẹ̀jẹ̀ Láti Wo Òtútù-Àyà Líle: Ìtàn Ìrètí Kan àti Ìdájọ́ Òǹkà

1. Ìfáárà

Orí-ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí iwájú yín lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ tí ó kan àwọn oníṣègùn nìkan, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ lára. Mo fẹ́ sọ ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe ronú pé bí a bá lè sẹ́ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bí a ti ń sẹ́ ògì, tí a mú èérí kúrò, tí a sì dá èyí tí ó mọ́ padà sí ara, àìsàn yóò lọ. Mo fẹ́ sọ ibi tí ìrònú yìí ti gba ẹ̀mí là àti ibi tí ó ti kùnà, pàápàá jù lọ lórí òtútù-àyà líle, èyí tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì máa ń fà.

Òpìtàn ni mí; n kò wo aláìsàn rí. Iṣẹ́ òpìtàn ni láti béèrè pé: ta ni ó kọ́kọ́ ro èrò yìí? Kí ni ó rí tí ó fi rò ó? Báwo ni a sì ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó ṣòro jù, òun náà ni yóò sì máa ṣe atọ́nà wa títí a ó fi dé òpin ọ̀rọ̀ yìí.

2. Eṣúṣú ìlú Paris àti òǹkà Louis

Ìgbàgbọ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn ń gbé ti pẹ́ láyé. Galen, oníṣègùn ará Gíríìkì tí ó ṣiṣẹ́ ní Róòmù àtijọ́, kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n máa la iṣan aláìsàn kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Ní ilẹ̀ tiwa náà, kò ṣàjèjì láti rí onígbàjámọ̀ láti ilẹ̀ Hausa tí ó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ara ń ro. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àṣà yìí gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé dé ibi tí ó yani lẹ́nu. Broussais, gbajúgbajà oníṣègùn ní ìlú Paris, gbà pé ibi kan tí ó gbóná tí ó sì wú nínú ara ni orísun ọ̀pọ̀ àìsàn, eṣúṣú ni ó sì fi ń fa ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ń tọ́jú. Ní ọdún 1833 nìkan, eṣúṣú tí wọ́n kó wọ ilẹ̀ Faransé láti òkèèrè ju mílíọ̀nù 40 lọ.

Ní ìlú Paris kan náà ni Pierre Louis ti ṣe ohun kan tí ó rọrùn lójú. Ó jókòó ti àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, ó sì ń kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1835, ó gbé ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn 77 tí òtútù-àyà mú yẹ̀ wò. Àwọn 41 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́. 18 nínú wọn kú. Àwọn 36 yòókù, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ lára tiwọn. 9 nínú wọn kú. Èyí ni pé àwọn tí wọ́n tètè tọ́jú kú ní ìwọ̀n 44 nínú 100, àwọn tí wọ́n fi falẹ̀ sì kú ní ìwọ̀n 25 nínú 100. Louis kò sọ pé kí a pa ẹ̀jẹ̀ gbígbà tì pátápátá. Ohun tí ó sọ ni pé àǹfààní rẹ̀ kéré jìnnà sí ohun tí àwọn oníṣègùn ń fọ́nnu lé lórí.

Mo mú ìtàn Louis ṣáájú nítorí pé lórí òtútù-àyà gan-an ni ó ti lo òǹkà, àti nítorí pé ìbéèrè tí ó béèrè ni a óò tún bá pàdé ní nǹkan bí 190 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ti gba ipò eṣúṣú.

3. Asẹ́ àkọ́kọ́

Bí a bá mú ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò nínú ara, kì í pẹ́ kí ó tó dì bí ẹ̀kọ. Ìdènà àkọ́kọ́ nìyí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1884 ni John Haycraft rí i pé ohun kan wà ní ẹnu eṣúṣú tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ilé ayé ti ń yí: eṣúṣú tí Broussais fi ń da ẹ̀jẹ̀ nù ni ó wá jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti fọ ẹ̀jẹ̀ kí a sì dá a padà.

Ní ọdún 1913, ní Yunifásítì Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, John Abel, Leonard Rowntree àti B. B. Turner to àwọn ọ̀pá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú ìgò tí omi iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ ajá kọjá nínú àwọn ọ̀pá náà, wọ́n sì dá a padà sí ara ajá náà. Oje eṣúṣú ni wọ́n fi dènà dídì ẹ̀jẹ̀. Ara àwọn ọ̀pá wọ̀nyí ní ihò tí ojú lásán kò lè rí. Ohun tí ó bá kéré yóò yọ́ jáde lọ sínú omi iyọ̀; ohun tí ó bá tóbi, irú bíi hóró ẹ̀jẹ̀, yóò dúró sínú. Asẹ́ ni èyí ní ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an.

Ní ọdún 1924, Georg Haas, oníṣègùn ní ìlú Giessen ní ilẹ̀ Jámánì, gbìyànjú irú iṣẹ́ yìí lára ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú 15 péré ni ó ṣe é. Kò wo aláìsàn náà sàn, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ènìyàn lè fara dà á. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1928, ó ti lo heparin dípò oje eṣúṣú.

Ẹni tí ó sọ èrò yìí di ìwòsàn ni Willem Kolff, ará ilẹ̀ Hólándì. Ní ọdún 1938, nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú Groningen, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 kan kú ní ìṣojú rẹ̀ nítorí pé kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kolff rò ó pé bí òun bá lè mú ìwọ̀nba ìdọ̀tí tí ó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ kúrò lójoojúmọ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ìbá wà láàyè. Ogun dé, àwọn ará Jámánì gba ìlú wọn, Kolff sì lọ sí ilé-ìwòsàn kékeré kan ní Kampen. Níbẹ̀ ni òun àti Hendrik Berk, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe àwo, ti kan ẹ̀rọ kan: àgbá onígi tí ń yí nínú ọpọ́n omi iyọ̀, tí wọ́n wé awọ cellophane mọ́, irú awọ tí wọ́n fi ń dì sọ́séèjì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1943 ni ó fi aláìsàn àkọ́kọ́ sí i. Nínú àwọn 16 tí ó kọ́kọ́ tọ́jú, ẹnì kan ṣoṣo ni kò kú, bóyá ni ẹ̀rọ náà sì ni ó gba ẹni náà là. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945 ni ó tó rí ẹni tí kò sí iyèméjì lórí rẹ̀: obìnrin ẹni ọdún 67 kan tí wọ́n fi sí ẹ̀wọ̀n nítorí pé ó bá àwọn ọ̀tá da ọwọ́ pọ̀ nígbà ogun. Àwọn ará ìlú mìíràn ìbá ti fi í sílẹ̀ kí ó kú. Kolff fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, obìnrin náà lajú, ọ̀rọ̀ tí ó sì kọ́kọ́ sọ, gẹ́gẹ́ bí Kolff ti máa ń ròyìn rẹ̀, ni pé òun yóò kọ ọkọ òun sílẹ̀. Ó sì kọ̀ ọ́ lóòótọ́, ó tún lo ọdún mélòó kan sí i láyé.

4. Ìdí tí asẹ́ kíndìnrín fi ṣiṣẹ́

Láti ọdún 1960, nígbà tí Belding Scribner ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà rí ọ̀nà láti fi ọ̀pá Teflon sí ọwọ́ aláìsàn kí a lè máa so ó mọ́ ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà, fífọ ẹ̀jẹ̀ kò jẹ́ ti ọjọ́ kan mọ́. Clyde Shields, ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ìtọ́jú yìí, lo ọdún 11 sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò tó, aláìsàn sì pọ̀. Ní Seattle, wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹni méje tí a kò dárúkọ wọn fún ará ìlú, láti pinnu ẹni tí yóò gba ìtọ́jú àti ẹni tí kò ní gbà á. Ọ̀rọ̀ asẹ́ di ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ikú àti ìyè. Ọdún 1972 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó ṣe òfin pé òun ni yóò máa san púpọ̀ nínú owó náà.

Kí ni ó jẹ́ kí ẹ̀rọ Kolff kẹ́sẹ járí? Mo rí ìdí mẹ́ta. Èkíní, a mọ ohun tí a fẹ́ mú kúrò: ìdọ̀tí bíi yúríà, àti iyọ̀ pọ́tásíọ̀mù tí ó bá pọ̀ jù. Èkejì, ìkójọ ohun wọ̀nyí gan-an ni ó ń pa aláìsàn. Ẹ̀kẹta, asẹ́ náà ń mú wọn jáde yára ju bí ara ti ń pèsè wọn lọ.

A tún rí irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Àrùn kan wà tí ohun-ìjà ara fúnra rẹ̀ máa ń kọjú sí kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró, tí aláìsàn yóò máa pọ ẹ̀jẹ̀ láti inú àyà. Goodpasture ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Martin Lockwood àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn Hammersmith ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ omi ara ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí, wọ́n sì ń fún wọn ní òògùn tí kò ní jẹ́ kí ara pèsè òmíràn. Ó ṣiṣẹ́, nítorí pé a mọ ọ̀daràn náà ní orúkọ, a mú un jáde, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ì bá tẹ̀ lé e.

Ọgbọ́n asẹ́ náà sì ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1964, Yatzidis ní ilẹ̀ Gíríìkì mú ẹ̀jẹ̀ gba inú èédú kọjá, nítorí pé èédú máa ń lẹ àwọn májèlé kan mọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1977, Peter Kramer ní ìlú Göttingen ní ilẹ̀ Jámánì jẹ́ kí agbára ọkàn aláìsàn fúnra rẹ̀ máa ti ẹ̀jẹ̀ kọjá nínú asẹ́, láìsí ẹ̀rọ tí ń fà á. Ọ̀nà Kramer dára fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè fara da ẹ̀rọ ńlá. Báyìí ni asẹ́ ṣe wọ yàrá ìtọ́jú àwọn tí ó wà ní bèbè ikú, níbi tí àwọn onítòtútù-àyà líle wà.

5. Ìjì inú ẹ̀jẹ̀

Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ara máa ń rán àwọn ìránṣẹ́ kéékèèké jáde sínú ẹ̀jẹ̀ láti pe àwọn jagunjagun rẹ̀ jọ. Sàítókáìnì ni àwọn onímọ̀ ń pe àwọn ìránṣẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú wọn tí òkìkí rẹ̀ kàn ni interleukin-6, tí Tadamitsu Kishimoto, Toshio Hirano àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ìlú Osaka ní Jàpáánì ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní ọdún 1986. Ní ọdún 1993 ni a kọ́kọ́ rí i nínú ìwé àwọn onímọ̀ pé wọ́n fi ìtújáde sàítókáìnì ní àpọ̀jù wé ìjì. Nígbà tí àrùn ẹyẹ H5N1 kọlu ènìyàn 18 ní Hong Kong ní ọdún 1997, tí 6 nínú wọn kú, ọ̀pọ̀ onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé ìjì yìí ni ó ń pa àwọn aláìsàn ju fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ lọ.

Láti ibẹ̀, ìrònú náà ń ṣàn lọ bí odò. Bí ìjì bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, tí a sì ní asẹ́, kí ni ó kù? Kí a sẹ́ ẹ. Ní ọdún 2013, nígbà tí àrùn H7N9 bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà, Li Lanjuan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Hangzhou lo ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe fún àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn kò ṣiṣẹ́, láti sẹ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù-àyà líle mú. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, wọ́n tún gbé ọ̀nà yìí jáde. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó oúnjẹ àti òògùn fi àṣẹ pàjáwìrì sílẹ̀ fún oríṣi asẹ́ mélòó kan. Àṣẹ pàjáwìrì kò túmọ̀ sí pé a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun kan ń wòsàn. Ó túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí ó ṣe àǹfààní, àti pé ọwọ́ kò tíì tẹ ohun tí ó dára jù ú lọ.

N kò dá àwọn tí ó lò ó lẹ́bi. Ẹni tí ó ń wo aláìsàn tí èémí rẹ̀ ń já, tí àwọn ẹbí sì dúró sí ẹnu-ọ̀nà tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe nǹkan, kò lè ká ọwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí a ṣe nǹkan àti kí ohun tí a ṣe jẹ́ ìwòsàn.

6. Ohun tí òǹkà sọ

Ọ̀nà tí a ń gbà dá irú ẹjọ́ báyìí ní òde òní ni kí a ṣẹ́ gègé: kí a pín àwọn aláìsàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà sí ọ̀nà méjì, kí apá kan gba ìtọ́jú tuntun, kí apá kejì gba ti àtẹ̀yìnwá, kí a sì kà wọ́n bí Louis ti kà wọ́n.

Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún àwọn tí kòkòrò àrùn ti ba gbogbo ara wọn jẹ́. Ní ọdún 2009, ìwádìí kan ní ilẹ̀ Ítálì lo asẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Jàpáánì fún àwọn aláìsàn 64. Nínú àwọn tí ó lò ó, 32 nínú 100 ni ó kú. Nínú àwọn tí kò lò ó, 53 nínú 100. Ìdùnnú ṣubú layọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún un ṣe lórí ènìyàn 450 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018, àwọn tí ó lò ó kú ní ìwọ̀n 37.7 nínú 100, àwọn tí kò lò ó sì kú ní ìwọ̀n 34.5. Àǹfààní ti fò lọ. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2013, ìwádìí mìíràn ní ilẹ̀ Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Hólándì ti fi hàn pé bí a tilẹ̀ sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n tẹ́lẹ̀, kò dín ikú kù.

Lẹ́yìn náà ni ti àrùn kòrónà. Ní ìlú Freiburg ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn oníṣègùn ṣẹ́ gègé láàárín aláìsàn 34 tí àìsàn wọn le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ ni ó ń mú ẹ̀jẹ̀ wọn jáde láti fún un ní atẹ́gùn. Wọ́n so asẹ́ sàítókáìnì mọ́ ẹ̀rọ àwọn 17 fún wákàtí 72. Wọn kò so ó mọ́ ti àwọn 17 yòókù. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, 13 ni ó wà láàyè nínú àwọn tí kò lo asẹ́. Nínú àwọn tí ó lò ó, ènìyàn 3 péré ni ó kù. Ọdún 2021 ni wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde. Ènìyàn 34 kò pọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìyẹn nìkan búra pé asẹ́ ni ó pa wọ́n. Síbẹ̀, kò sí bí a ṣe lè ka iye wọ̀nyí tí àyà wa kò ní já.

Ní àkókò kan náà, ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní RECOVERY ń dán dexamethasone wò, òògùn olówó pọ́ọ́kú tí a ti ń lò láti nǹkan bí 60 ọdún ṣáájú. Ní ọdún 2020, wọ́n rí i pé láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, àwọn tí kò gba òògùn náà kú ní ìwọ̀n 41.4 nínú 100, àwọn tí ó gbà á sì kú ní ìwọ̀n 29.3. Fún àwọn tí kò nílò atẹ́gùn rárá, kò ṣe àǹfààní kankan. Oògùn ńlá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù gbogbo ilé-ìwòsàn, ṣùgbọ́n òǹkà ni ó sọ fún wa ẹni tí ó yẹ kí a fún.

7. Ibi tí ìrònú ti yà bàrá

Kí ni ó dé tí asẹ́ tí ó ṣiṣẹ́ fún kíndìnrín kò ṣiṣẹ́ fún ìjì? Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí mẹ́ta tí mo kà sílẹ̀.

Ní ti èkíní, a kò mọ ọ̀daràn náà dájú. Àwọn onímọ̀ tí ó wọn interleukin-6 ní ọdún 2020 rí i pé ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kòrónà mú kéré jìnnà sí ti àwọn mìíràn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ ṣáájú àkókò náà. Ní ti èkejì, ìránṣẹ́ ni sàítókáìnì. Àwọn kan nínú wọn ń ba ara jẹ́, àwọn kan ń gbèjà rẹ̀, asẹ́ kò sì mọ ẹni tí yóò mú àti ẹni tí yóò fi sílẹ̀. Ó tilẹ̀ lè gbé òògùn tí a fún aláìsàn lọ pẹ̀lú wọn. Ní ti ẹ̀kẹta, inú ẹran ara ni a ti ń pèsè wọn láìdúró. Ẹni tí ó bá ń sẹ́ wọn nínú ẹ̀jẹ̀ dà bí ẹni tí ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ tí ó lu láì dí ihò rẹ̀. Ní Freiburg, lẹ́yìn wákàtí 72, kò sí ìyàtọ̀ gbòógì nínú ìwọ̀n interleukin-6 àwọn méjèèjì. Dexamethasone ní tirẹ̀ ń dí ihò náà: ó ń dín ìpèsè kù láti orísun.

Mo fẹ́ kí ó yé wa yékéyéké pé bí òtútù-àyà líle bá ba kíndìnrín jẹ́, bí ó ti máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà púpọ̀, ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ lè gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ là. Iṣẹ́ tí Kolff ṣe é fún ni ó ń ṣe nígbà náà. Ohun tí mo ń bá wí ni kí a gbé orúkọ rere tí asẹ́ ní níbì kan lọ fi ṣe ẹ̀rí rẹ̀ níbòmíràn.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà wa sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn tí wọ́n sọ èyí kò kà nípa Louis, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ìwòsàn lè burú ju àìsàn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní ilẹ̀ yìí ju bí a ti rò lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ ní Nàìjíríà ni ó ń fi owó ara wọn fọ ẹ̀jẹ̀, tí ẹbí ń ta ilẹ̀ àti ọkọ̀, tí wọ́n sì dá a dúró lẹ́yìn ìgbà mélòó kan nítorí pé owó ti tán. Asẹ́ tí a ti mọ̀ fún nǹkan bí 80 ọdún pé ó ń gba ẹ̀mí là kò tíì kárí wa. Bí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá dé, àwọn oníṣòwò yóò tún gbé asẹ́ tuntun wá, owó rẹ̀ yóò wọ́n, àlàyé rẹ̀ yóò sì dùn létí. Kí àwọn tí ń ná owó ìlú, àti ẹbí tí ó dúró sí ẹnu-ọ̀nà yàrá ìtọ́jú, ní ìgboyà láti béèrè ohun mẹ́rin: Kí ni asẹ́ yìí ń mú kúrò? Ṣé ohun náà ni ó ń pa aláìsàn? Kí ni ó tún ń kó lọ mọ́ ọn? Àwọn mélòó ni wọ́n ti ṣẹ́ gègé fún, àwọn mélòó ni ó sì wà láàyè ní apá méjèèjì?

Ìbéèrè kẹrin yìí ni kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bò mọ́lẹ̀.